Ẹ̀jẹ̀ tó Dúró ni í Dì: Ìtàn Àrùn Ẹsẹ̀ Wíwú Kan àti Oògùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a mú wá fún yín lónìí. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àrùn kan ni.

Àrùn náà a máa mú obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A máa mú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. A sì máa mú ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ kan á wú, á sì máa dùn ún. Nígbà tó bá di ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó ń jẹun, tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á ṣàdédé máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà mìíràn, ó lè kú kí wọ́n tó gbé e jáde nílé. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ìyáálé ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní ọ̀tá ọkọ ni. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ègé rẹ̀ kan já, ó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ó gba aráyé ní ohun tó lé ní 300 ọdún kí wọ́n tó mọ èyí dájú, kí wọ́n sì tó rí oògùn rẹ̀. Àwọn dókítà pàápàá ṣìnà púpọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀nà náà.

Ẹ̀jẹ̀ ń rìn

Àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ ní Yúróòpù rò pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ara sì ń mu ún tán, bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi òjò. Ní ọdún 1628, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Harvey, tẹ ìwé kan jáde. Ó fi hàn pé ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ náà á yí gbogbo ara ká, á sì tún padà sí ọkàn.

Nítorí náà, oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà. Ẹ jẹ́ kí a pe ọ̀kan ní iṣan àlọ. Òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọkàn. Ẹ jẹ́ kí a pe èkejì ní iṣan àbọ̀. Òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà. Inú iṣan àbọ̀ ni àrùn tí à ń sọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀. Ó ní láti gun òkè kí ó tó dé ọkàn. Kí ni ó ń tì í gòkè? Ẹran ẹ̀yìn ojúgun wa ni. Nígbà tí a bá ń rìn, ẹran yìí á máa fún iṣan àbọ̀, bí darandaran ṣe ń fún ọmú màlúù. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sì wà nínú iṣan náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá rìn, kò sí ẹni tí yóò fún iṣan. Ẹ̀jẹ̀ á lọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ tó bá lọ́ra lè dì.

Gbogbo wa la ti rí ẹ̀jẹ̀ àgbò tó dì sílẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Dídì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí àdá bá gé lọ́wọ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣòfò títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni ààyè rẹ̀. Bí ó bá dì sínú iṣan, ó di ìjàǹbá.

Wọ́n ní wàrà ló sọ̀ sí ẹsẹ̀

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn dókítà Yúróòpù ti ń rí i pé ẹsẹ̀ àwọn ìyálọ́mọ kan a máa wú, a sì máa funfun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní wàrà ọmú ló ṣìnà, tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wàrà ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Wọn kò tíì lè rí inú iṣan.

Ìyà ibẹ̀ ni pé wọ́n ń sọ fún ìyálọ́mọ pé kí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àánú ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ náà gan-an wà lára ohun tó ń pa àwọn ènìyàn.

Ààrò mẹ́ta

Ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan wà tó ń jẹ́ Rudolf Virchow. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ òkú wò ní ilé ìwòsàn, kí ó lè mọ ohun tó pa wọ́n. Ó máa ń rí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan. Bí ó bá wo ẹsẹ̀ òkú náà, á tún rí ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé: ṣé ti ẹsẹ̀ kọ́ ló já, tó gòkè lọ? Ó fi rọ́bà kéékèèké sínú iṣan àbọ̀ ajá láti dán an wò. Nígbà tó yẹ ajá náà wò, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti bá rọ́bà náà. Ní ọdún 1846 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ní 1856 ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan. Virchow ṣì wà láàyè nígbà tí àwọn Jámánì gba ilẹ̀ Tógò ní 1884. Ọdún 1902 ni ó kú.

Àwọn dókítà tó tẹ̀lé e kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sí nǹkan mẹ́ta. Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò mẹ́ta tí àrùn yìí ń gbé ìkòkò rẹ̀ kà nìwọ̀nyí:

Èkíní: ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn dáadáa. Ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́, tàbí tó jókòó pẹ́ sójú kan, wà nínú ewu yìí.

Èkejì: iṣan tó farapa. Iṣẹ́ abẹ, egungun tó ṣẹ́, tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ lè fà á.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀jẹ̀ tó ń yára dì ju bó ṣe yẹ lọ. Oyún a máa fa èyí. Ara obìnrin ń múra sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ewu náà ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìbímọ. Àrùn jẹjẹrẹ, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àti àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan lè fà á pẹ̀lú.

Ohun tí ogun kọ́ wọn

Ní ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí ìlú London lóru. Àwọn ará ìlú ń sá sí ihò abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jókòó sùn lórí àga títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Etí àga ń tẹ ẹ̀yìn itan wọn. Dókítà kan tó ń yẹ òkú wò, Keith Simpson, rí i pé àwọn kan ń kú láìjẹ́ pé bọ́ǹbù kàn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti kúrò ní ẹsẹ̀ wọn, ó ti lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní ọdún yẹn kan náà. Wọ́n sì kó ibùsùn wá sí àwọn ihò náà, kí àwọn ènìyàn lè na ẹsẹ̀ wọn.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ìyálọ́mọ àti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún dìde kíákíá. Ní 1947, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Asher, kọ̀wé láti kìlọ̀ pé ibùsùn lè pa aláìsàn. Ohun tí àwọn dókítà ti ń pè ní ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá mọ̀ sí ewu. Ènìyàn tó bá rí i pé òun ṣìnà, tó sì padà, òun ni ọlọ́gbọ́n.

Màlúù tó kú, oògùn tó jáde

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, àwọn àgbẹ̀ ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà rí ohun ìyanu kan. Bí wọ́n bá gé ìwo màlúù, tàbí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá. Màlúù náà á kú. Dókítà ẹran kan ní Kánádà, Frank Schofield, wá ìdí rẹ̀. Ó rí i pé koríko gbígbẹ tí òjò ti pa, tó ti bu, ni àwọn màlúù náà ń jẹ. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ da irú koríko bẹ́ẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n owó ṣọ̀wọ́n nígbà náà, àgbẹ̀ púpọ̀ kò sì ní koríko mìíràn.

Ní oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ed Carlson gbé òkú màlúù kan sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé koríko tó bu náà sí i, ó sì gbé garawa wàrà kan tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dì. Ó wakọ̀ nínú ìjì yìnyín fún bíi 300 kìlómítà, bíi kí ènìyàn kúrò ní Sokodé kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Lomé. Ó dé ilé ẹ̀kọ́ gíga Wisconsin. Ọjọ́ Sátidé ni. Ilẹ̀kùn tó bá ní ṣíṣí ni ó wọ̀. Ilẹ̀kùn náà jẹ́ ti ọ̀gbẹ́ni Karl Paul Link àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ohun tó wà nínú koríko náà. Ní ọdún 1939, Harold Campbell, ọ̀kan nínú wọn, rí i. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dì. Lẹ́yìn náà, Link àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ kan tó lágbára jù. Ní 1948 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láti fi pa eku. Warfarin ni orúkọ rẹ̀. Ní 1954 wọ́n gbà kí ènìyàn máa lò ó. Nígbà tí àìsàn ọkàn kọ lu Dwight Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 1955, wọ́n fún un ní Warfarin.

Ẹ ò rí i bí? Ohun tó pa màlúù, tó ń pa eku, òun náà ló ń gba ènìyàn là. Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Oògùn kejì ti wà ṣáájú èyí. Ní ọdún 1916, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Jay McLean, rí ohun kan nínú ẹ̀dọ̀ ajá tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọ̀gá rẹ̀, William Howell, sọ ọ́ ní Heparin ní 1918. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé oògùn yìí ń dá ikú dúró? Àwọn dókítà méjì ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán an wò. Barritt àti Jordan ni orúkọ wọn. Nínú àwọn 19 tí ẹ̀jẹ̀ dídì wà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí wọn kò fún ní oògùn, 5 ni àrùn náà pa. Nínú àwọn 16 tí wọ́n fún ní oògùn, àrùn náà kò pa ẹnì kan. Ọdún 1960 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Tógò gba òmìnira.

Àwa ńkọ́?

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ará Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní fìtílà kò lè sọ pé ejò kò sí nínú yàrá. Ẹ̀rọ tí a fi ń rí àrùn náà ló ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n rí i. Àwọn dókítà ọkàn ní Lomé ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n tọ́jú fún un. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà láti Kamẹrúùnù kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀ jọ. Wọ́n rí i pé àrùn náà wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn ìbímọ, ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, gbogbo ayé tún rí i pé àrùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ilẹ̀ wa, a mọ ẹsẹ̀ wíwú bí ẹsẹ̀ erin, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Tógò ti borí rẹ̀, òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ erin a máa gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tóbi. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì a máa wú láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú ju èkejì lọ, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dùn, ẹ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ara dúdú kì í fi pípọ́n hàn dáadáa, nítorí náà ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹni tó bá ra á lè já ègé ẹ̀jẹ̀ náà, kí ó sì gòkè lọ.

Bí èémí bá ṣàdédé kúrú, tí àyà ń dùn nígbà tí a bá mí, tí ènìyàn ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tó dákú, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bíi ti Sokodé.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ohun gbogbo fún dókítà: ìbímọ, iṣẹ́ abẹ, ìrìn àjò, oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún lè wo iṣan ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Kì í dunni.

Ìyálọ́mọ tí ara rẹ̀ le, kí ó dìde, kí ó rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó bímọ tàbí ọjọ́ kejì. Kí ó sì máa mu omi. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, kì í ṣe àìgbọràn bí ẹ bá rí i tó ń rìn ní àgbàlá. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn nínú ọkọ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ rìn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò.

Ìkìlọ̀ lórí oògùn náà

Àwọn oògùn yìí kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọn kì í jẹ́ kí ó tóbi sí i, títí ara fúnra rẹ̀ yóò fi tú u. Nítorí náà, ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ni a ń lò wọ́n. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ẹsẹ̀ ti fà.

Ẹni tó ń lo Warfarin tàbí Sintrom, tí wọ́n jọ jẹ́ ìdílé kan, ní láti máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè díwọ̀n oògùn rẹ̀. Ewé tútù ní èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe fi kún un tàbí yọ ọ́ lójijì. Kí ó sọ fún dókítà bí ó bá ń mu àgbo. Kí ó má ra oògùn ara ríro lójú ọ̀nà, nítorí púpọ̀ nínú wọn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ara. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí èédú, tàbí bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lo Warfarin láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Heparin ni wọ́n sábà máa ń fún un.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ Heparin lóde òní. Bí èyí bá ń jà yín lọ́kàn, ẹ bi dókítà bí òmíràn bá wà, kí ẹ sì bi ààfáà yín. Ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé ohun tí ẹ̀mí bá rọ̀ mọ́ ní àyè. Oògùn ẹnu tuntun tún wà tí kò nílò àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi wọ́n kún oògùn pàtàkì ní 2019. Ṣùgbọ́n owó wọn ṣì wọ́n.

Ẹ̀yin ará, ọmọ aráyé fi ẹ̀sùn kan wàrà, wọ́n fi kan afẹ́fẹ́, wọ́n fi kan ìyáálé, kí wọ́n tó rí òtítọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún padà sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, kí a má ṣe wá ẹni tó ṣe é. Kí a wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ gòkè lọ sí ọkàn?
2. Ẹ ka ààrò mẹ́ta tí àrùn yìí ń gbé ìkòkò rẹ̀ kà.
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ṣàdédé wú?
4. Ní abúlé yín, ọkọ̀ ta ni ó lè gbé aláìsàn lọ sí Sokodé lóru? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.